Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Háídrà Kì Í Kú?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì: pé ẹranko kékeré kan ń bẹ nínú omi tí kì í darúgbó, tí kì í sì í kú. Àwòrán rẹ̀ á jáde, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí okùn tí orí rẹ̀ ti tú. Àwọn èèyàn á pín in kiri. Kò sì ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi so ọjà mọ́ ọn nídìí, ìpara tó ń dá ọ̀dọ́ padà, oògùn tó ń lé ogbó sẹ́yìn. Háídrà ni ẹranko náà ń jẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe irọ́ gbuu. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n pò pọ̀: kí nǹkan má darúgbó yàtọ̀ sí kí ó má kú.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti ikú. Háídrà ń kú. Ebi ń pa á. Omi tó bá gbóná jù ń pa á, bẹ́ẹ̀ náà ni omi tí bàbà bá wọ̀, kódà kí bàbà náà má tó nǹkan; ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń yẹ omi wò fún ẹ̀gbin iléeṣẹ́ fi máa ń lò ó láti mọ̀ bóyá omi ti bàjẹ́. Ẹranko mìíràn sì ń jẹ ẹ́. Aràn pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Microstomum, tó máa ń gbé háídrà mì. Ẹran ara háídrà á dà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọfà olóró tó wà lára háídrà náà kò ní dà. Aràn yìí á kó wọn gba inú ara lọ sí awọ tirẹ̀, á sì máa fi wọ́n gbèjà ara rẹ̀. Ó pa ọdẹ jẹ tán, ó tún gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká.

Nítorí náà, kì í ṣe bóyá háídrà ń kú ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí. Bóyá ọjọ́ orí rẹ̀ lọ́wọ́ sí ikú rẹ̀ ni. Ká tó lè débẹ̀, ó yẹ ká mọ irú ẹranko tó jẹ́.

Inú omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé: odò tí kò sáré, adágún, kòtò omi tí koríko hù sí. Abẹ́ ewé omi tàbí ara òkúta ló máa ń lẹ̀ mọ́, tí á so rọ̀ síbẹ̀. Gígùn rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, bí nǹkan bá sì fọwọ́ kàn án, á sún kì débi pé á dà bí ẹ̀kán ìdọ̀tí lásán. Ìbátan jẹlifíìṣì àti iyùn inú òkun ni. Ara rẹ̀ kò ju ọ̀pá oníhò lọ. Ìdí rẹ̀ ń yọ oje tó ń lẹ̀ bí àtè, orí rẹ̀ sì ní ẹnu kan tí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ yí ká. Ìpele sẹ́ẹ̀lì méjì péré ló di ògiri ara náà, ọ̀kan lóde, ọ̀kan nínú, ohun fẹ́lẹ́ kan bíi jẹ́lì sì wà láàárín wọn. Kò lọ́kàn, kò lẹ́dọ̀fóró, kò lẹ́jẹ̀. Ibi tí oúnjẹ gbà wọlé náà ni ìgbẹ́ ń gbà jáde. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lára ẹyọ kan tó ti dàgbà jẹ́ nǹkan bí 50,000 sí 100,000, iye tó kéré débi pé èèyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kà wọ́n.

Ẹnu tí mo wí yẹn, nígbà tí kò bá jẹun, kò sí níbẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á lẹ̀ pọ̀ di awọ kan ṣoṣo tí kò lójú. Bí oúnjẹ bá dé, háídrà á fa ibẹ̀ ya; bó bá jẹun tán, ibẹ̀ á tún pa dé. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California tó wà ní San Diego tẹ̀ lé bí ẹnu náà ṣe ń ya lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, wọ́n sì rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kì í ṣípò fún ara wọn. Ńṣe ni wọ́n ń nà, tí ìrísí wọn ń yí padà, títí ihò á fi fẹ̀ tó ohun tó fẹ́ wọlé.

Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣọdẹ. Daphnia kan, kòkòrò omi tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún kọjá lọ, ó sì fara kan ọwọ́ kan lára ọwọ́ háídrà. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló dúró. Lára ọwọ́ náà ni àìmọye àpò wà tí ojú lásán kò lè rí, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì ká jọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tó wà nínú àpò yìí ń tẹ̀ ẹ́ láti inú wá tó nǹkan bí ìlọ́po 150 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ wá. Irun kékeré kan lẹ́nu àpò ló dúró bí ibi tí wọ́n ti ń fa ìbọn: nǹkan kàn án, àpò ṣí, ọfà jáde. Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí ní Jámánì fi kámẹ́rà tó yára gidigidi wọn bó ṣe ń jáde. 700 nanosecond ni, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ọfà kan ń gún ẹran, wọ́n ń da oró sí i lára; àwọn mìíràn ń lọ́ mọ́ irun ara rẹ̀ bí ìdẹkùn. Daphnia á gbọ̀n díẹ̀, á dákẹ́. Ọwọ́ á ká wálẹ̀, á gbé e wá sí ẹnu tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Oje kan tó ń sun láti ojú ọgbẹ́ ẹran náà, tí wọ́n ń pè ní glutathione, ló ń kéde fún háídrà pé oúnjẹ ti dé. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ W. F. Loomis fi hàn ní 1955 pé bí èèyàn bá da glutathione nìkan sínú omi, háídrà á la ẹnu kalẹ̀ láìsí ẹran kankan nítòsí. Wọ́n ta á lólobó asán, ó sì gbà á gbọ́.

Ohun kan wà nínú ìtàn ọdẹ yẹn tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn. Ọfà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bó bá ti yọ, sẹ́ẹ̀lì tó ni ín ti parí iṣẹ́, háídrà sì gbọ́dọ̀ ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Ara tó ń ná sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bí owó ojoojúmọ́ ni.

Kò ní ọpọlọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìmọ̀lára kiri tẹ́ káàkiri ara rẹ̀ bí àwọ̀n ìpẹja, kò sí ibì kan tí wọ́n ti pé jọ ṣe olórí. Síbẹ̀ ó ń rìn, ó tilẹ̀ ń tàkìtì: á tẹ̀ ba, á fi ọwọ́ di ilẹ̀ mú, á ju ìdí sí iwájú. Ó sì ń sùn. Lọ́dún 2020 àwọn olùwádìí ní Japan àti South Korea fi hàn pé ó ní àkókò ìsinmi tó jọ oorun, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọpọlọ tí à bá ní ó ń sinmi. Ọ̀rọ̀ yìí ga, ṣùgbọ́n ó dọjọ́ mìíràn.

Antonie van Leeuwenhoek, ará Delft ní Netherlands, ti kọ̀wé nípa háídrà ní 1702, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Ẹni tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ayé ni Abraham Trembley, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Geneva tó ń kọ́ àwọn ọmọ olówó kan ní ilé wọn nítòsí The Hague. Ní 1740 ó rí ohun aláwọ̀ ewé kan lára koríko inú omi, kò sì mọ̀ bóyá ewéko ni tàbí ẹranko. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé. (A ti mọ̀ báyìí pé ewéko omi tín-tìn-tín kan tó ń jẹ́ Chlorella ló ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì irú háídrà yẹn, tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún un.) Iye ọwọ́ wọn kò dọ́gba, bí ẹ̀ka igi kì í ṣe dọ́gba. Àmọ́ ó ń rìn. Trembley wá ronú pé ọ̀nà kan ló kù: bó bá jẹ́ ewéko, á hù bí òun bá gé e, bó bá jẹ́ ẹranko, á kú.

Lọ́jọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1740, ó fi sáàsì gé ọ̀kan sí méjì. Apá tó ní orí ń rìn lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Apá tó jẹ́ ìdí jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀, títí òun náà fi di odindi. Ìdánwò tó yẹ kó pín ewéko àti ẹranko níyà ló da gbogbo rẹ̀ rú. Trembley gé e sí wẹ́wẹ́, ó gé e lóòró, ó la orí ẹyọ kan títí ó fi di olórí méje, ó tilẹ̀ yí òmíràn padà bí ẹni yí ìbọ̀sẹ̀, inú di òde. Ó kó díẹ̀ nínú wọn ránṣẹ́ sí Réaumur ní Paris, ẹni tó lọ́lá jù nínú ìmọ̀ kòkòrò nígbà náà, òun náà gé e, ó sì rí i bẹ́ẹ̀. Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní London, fún Trembley ní àmì ẹ̀yẹ Copley ní 1743. Ní 1758 ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó ń to àwọn ẹ̀dá sí ìsọ̀rí, mú orúkọ Hydra wá láti inú ìtàn àwọn ará Gíríìkì, ti ejò olórí púpọ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bẹ́ orí kan, méjì ló ń hù padà.

Lẹ́yìn igba ọdún ó lé, ọ̀gbẹ́ni Alfred Gierer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tübingen ṣe ohun tó ju gígé lọ. Wọ́n tú háídrà sí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó di ọbẹ̀, wọ́n wá kó ọbẹ̀ náà jọ di òkìtì kékeré. Òkìtì náà to ara rẹ̀ padà: ó mọ ibi tí inú yẹ kó wà, ó mọ ibi tí òde yẹ kó wà, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ orí àti ọwọ́ yọ. Ọdún 1972 ni ìròyìn yìí jáde.

Kí ló wà nídìí agbára yìí? Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́, tó lè pín sí méjì, tó sì lè di irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Àwa náà ní in, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, níbi tó wà. Ní ti háídrà, àárín ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kún fún un. Ìran mẹ́ta ni wọ́n: ọ̀kan ń ṣe awọ òde, ọ̀kan ń ṣe awọ inú, ẹ̀kẹta sì ń ṣe ọfà olóró, sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára, ẹyin àti àtọ̀. Àwọn ti awọ máa ń pín ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí tuntun bá ṣe ń wọlé láàárín ni ti àtijọ́ ń sún lọ sí òpin, àwọn kan gba òkè lọ sí ṣóńṣó ọwọ́, àwọn kan gba ìsàlẹ̀ lọ sí ìdí, níbẹ̀ ni wọ́n á ti já bọ́ sínú omi. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara náà ti pààrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìrísí náà ló dúró. Ohun tí ìrísí náà ń gbé wọ̀ ti lọ.

Bí oúnjẹ bá sì pọ̀, tuntun náà á pọ̀ ju ohun tó ń já bọ́ lọ. Èyí tó ṣẹ́kù ló ń di ọmọ. Kókó kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ìyá, á gùn, á yọ ọwọ́, á la ẹnu, á já kúrò. Gbogbo rẹ̀ kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, akọ kò sì dá sí i. Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni a fi ń rọ́pò rẹ̀. Ti háídrà kò rí bẹ́ẹ̀: ọmọ já tán, ìyá ṣì dúró sí àyè rẹ̀, kò dín, kò sì gbó sí i.

Àbí ó ń gbó? Ibí ni àríyànjiyàn gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1825 ni Benjamin Gompertz, onímọ̀ ìṣirò ní London, ti ṣàkíyèsí pé ewu ikú ọmọ èèyàn ń di ìlọ́po bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Láàárín àwọn tó ti dàgbà, ó máa ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dídarúgbó nìyí, kì í ṣe ewú, kì í ṣe ara híhunjọ: pé ó rọrùn fún ikú láti mú ọ lọ́dún yìí ju èṣí lọ. Ní 1966, onímọ̀ ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ W. D. Hamilton fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀ pé kò sí ẹ̀dá tó ń bímọ léraléra tí èyí lè yẹ̀ lórí rẹ̀.

Daniel Martínez, ní Pomona College ní California, gbà bẹ́ẹ̀. Ó kó háídrà jọ láti fi hàn pé àwọn náà ń darúgbó, ó ṣọ́ wọn fún ọdún mẹ́rin, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1998: kò rí ogbó kankan. Ọdún mẹ́rin fún ẹranko tó jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ ló fi ń dàgbà tó ẹni tó ń bímọ, kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n háídrà tó kó jọ kò pọ̀, àwọn alátakò sì ní ẹnu.

Martínez wá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ètò ìkànìyàn ní ilé ìwádìí Max Planck ní Rostock, ní Jámánì. Láàbù méjì, ẹgbẹ́ háídrà 12, ẹranko 2,256. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú àwo tirẹ̀. Bí ọmọ bá já, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé e kúrò kó má bàa dàpọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n á bọ́ wọn, wọ́n á pààrọ̀ omi wọn, wọ́n á wo ẹni tó kú. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn, tí wọ́n ń lọ láti àwo dé àwo láràárọ̀ láti lọ wò bóyá ohun tí kì í kú ti kú. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ pọ̀ ní 2015, àkíyèsí wọn lé ní mílíọ̀nù 3.9 ọjọ́. Ikú kéré gan-an, kò sì lọ sókè bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Ọmọ bíbí náà kò já wálẹ̀.

Kí ni èyí túmọ̀ sí? Ronú nípa ife dígí. Ife kì í fọ́ nítorí pé ó ti dàgbà. Ó ń fọ́ nítorí pé ó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Èyí tí wọ́n rà lánàá àti èyí tó ti pé ogún ọdún, ewu kan náà ló wà lórí wọn. Síbẹ̀ bó pẹ́ bó yá, kò sí ife tí kò ní fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni háídrà rí. Àwọn àkọlé tó ní ó ń wà láàyè títí láé ti gbójú fo apá kejì ìtàn ife náà. Ẹ tún pín mílíọ̀nù 3.9 ọjọ́ fún ẹranko 2,256, ẹ ó rí i pé ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba. Ohun tó ju iye ọdún tí wọ́n fi ṣọ́ wọn lọ, ìṣirò ni, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni rí.

Kì í sì í ṣe gbogbo háídrà ló bọ́ lọ́wọ́ ogbó. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kó gba àkọlé, ṣùgbọ́n kì í gbà á. Irú kan wà tó ń jẹ́ Hydra oligactis. Bí omi bá móoru díẹ̀, á máa yọ ọmọ lára bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sínú òtútù bíi 10°C, á jáwọ́ nínú ìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹyin tàbí àtọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ara á máa relẹ̀: ọwọ́ á kúrú, kò ní lè mú ẹran dáadáa mọ́, kò ní lè sún kì bó ti yẹ, láàárín oṣù díẹ̀ á kú. Àwọn olùwádìí ní Japan ṣàlàyé èyí ní 2006, wọ́n sì rí i pé bí ikú ṣe ń pa wọ́n nígbà náà ń lọ sókè gẹ́lẹ́ bí Gompertz ṣe wí. Ó jọ pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ìran kẹta ló ń tán lọ, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kọjú sí ọmọ bíbí tí kò sí èyí tó kù láti tún ara ṣe.

Jẹjẹrẹ náà kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2014, àwọn olùwádìí Yunifásítì Kiel ní Jámánì ròyìn pé àwọn háídrà kan ní kókó lára, èyí tó ti inú sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó di ẹyin wá, tí kò kú nígbà tó yẹ kó kú. Ara tó bá ń pín sẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án lóru, irú èyí kò lè ṣàì wáyé.

Ẹgbẹ́ Kiel yìí kan náà, lábẹ́ Thomas Bosch, ló ti sọ ní 2012 pé jíìnì kan (ìyẹn àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tó ń jẹ́ FoxO ló ń bójú tó sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ háídrà. Nígbà tí wọ́n dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ dín, ìdàgbàsókè fà sẹ́yìn. Àwa náà ní àwọn jíìnì tó bá a tan. Ọ̀kan nínú wọn, FOXO3, ní irú kan tí wọ́n rí ní 2008 pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin tó pẹ́ láyé ní Hawaii, àwọn tí ìran wọn ti Japan wá. Ibí yìí ni àwọn olóògùn ti máa ń fò látorí háídrà bọ́ sórí àpótí ọjà wọn. Ó wọ́pọ̀ láàárín wọn ni ìwádìí náà sọ. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni lè mu ún tàbí kó fi pa ara.

Ohun tó sì máa ń dí mi lọ́wọ́ láti jowú háídrà rọrùn. Awọ inú ìfun wa ń pààrọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀, bíi tirẹ̀. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ronú, tí a ti bí wọn mọ́ wa, àwọn náà ni a ó gbé dé sàárè. Inú bí wọ́n ṣe so kọ́ra ni orúkọ ìyá wa wà, ojú ọ̀nà ilé, orin tí a kọ́ ní kékeré. Sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára háídrà náà ń sún lọ sí òpin, ó ń já bọ́ bí ìyókù, kò sì sí ohun tó sọnù torí pé kò sí ohun tó pa mọ́ síbẹ̀.

Ní 2010 ni wọ́n tẹ àkójọ jíìnì háídrà jáde, nǹkan bí 20,000, iye tí kò jìnnà sí tiwa. Ní 2019 àwọn olùwádìí Yunifásítì California ní Davis yẹ sẹ́ẹ̀lì bí 25,000 wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ya ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ń gbà títí tó fi di ohun tó dà. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lórí ogbó báyìí kò ju pé kí wọ́n gbé oríṣi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú òtútù kan náà: Hydra vulgaris, irú tí wọn kò rí ogbó lára rẹ̀, lápá kan, oligactis lápá kejì. Wọ́n jọ ara wọn débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kíákíá. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ọwọ́ oligactis á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, daphnia á máa kọjá lára rẹ̀ lọ láìfarapa. Nínú àwo kejì, ẹnu á ya, á tún pa dé.